Ẹni Tó Ránṣọ fún Adìyẹ Ńlá

Inú ihò ni Ìyá Onítapólì ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe àsọdùn. Gárééjì kan tó gùn gbọọrọ ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dán bí àwo, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nù ún. Láàárín gbùngbùn ilẹ̀ náà ni wọ́n gbẹ́ ihò kan sí tó jìn tó ìbàdí àgbàlagbà. Inú ihò yẹn ni ẹ̀rọ ìránṣọ wà, tó fi jẹ́ pé ojú tábìlì ẹ̀rọ náà bá ilẹ̀ dọ́gba rẹ́gí. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù wúwo ju ohun tí èèyàn lè máa wọ́ gun orí tábìlì lọ. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí, kó lè máa yọ̀ lọ, yọ̀ bọ̀, bó bá ṣe ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Ẹni tó bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, orí Ìyá, èjìká rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni yóò rí, bí ẹni pé ilẹ̀ ti gbé ìyókù mì. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ a máa dojú bolẹ̀ létí ihò náà, wọn a sì máa bi í pé, "Màmá, kí lẹ rí nísàlẹ̀ lónìí?"

"Mo rí ẹni tí ò tíì ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un," ni yóò dá wọn lóhùn, gbogbo wọn a sì fò dìde, ó di eré.

Ọdún kọkànlélógójì rèé tó ti wà nínú ihò yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ níṣẹ́, obìnrin líle kan tó jẹ́ pé bó bá ti fọwọ́ pa aṣọ lójú báyìí, yóò sọ ọdún tí yóò ya fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ìyá nígbà tó débẹ̀. Odindi ọdún kan ló fi ń fi ìda oyin pa òwú kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, ó sì sunkún nínú ọdún náà ju bó ṣe sunkún ní gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ lọ. Lónìí, kò sí awakọ̀ akẹ́rù kan ní gbogbo agbègbè yẹn tí kò mọ ilé rẹ̀. Ó ti rán ìbòrí ọkọ̀, ó ti rán àgọ́ àwọn sójà, ó ti rán aṣọ tí wọ́n fi bo ọkọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò fojú kàn án rí.

Ohun kan ló máa ń dùn ún, kì í sì í sọ ọ́ síta. Kò sí ẹni tó ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí tapólì bá dára, ojú kì í rí i. Ẹrù abẹ́ rẹ̀ ni ojú ń wá. Àfi ọjọ́ tí òjò bá wọlé ni wọ́n máa ń gbójú sókè wò ó, èébú ni wọ́n sì máa ń fi kí i. Ó wù ú pé kí òun tó jáde kúrò nínú ihò náà pátápátá, kí àwọn èèyàn gbójú sókè wo ohun tí òun rán, kí wọ́n dúró, kí ẹnu yà wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó o.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin kan wọlé tó gbé páálí kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ó ga, ó tínrín, ọ̀dà oríṣiríṣi ti gbẹ mọ́ orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí n wá rí."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn awakọ̀ akẹ́rù. Mẹ́fà ni mo bi léèrè, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló júwe ibí."

"Àwọn aláriwo yẹn. Ó dáa, kí lo fẹ́ kí n bá ọ bò?"

"Adìyẹ ni, Mà."

Ìyá Onítapólì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Adìyẹ. Ṣé òtútù ń mú un ni?"

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì ṣí páálí rẹ̀. Adìyẹ aláṣọ kan ló wà nínú rẹ̀, kò tóbi ju búrẹ́dì ńlá kan lọ, ó jókòó, ó ká ọrùn rẹ̀ kò bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lókèèrè. Oníṣẹ́ ọnà ni ọmọbìnrin yìí. Wọ́n ti gbéṣẹ́ fún un pé kó ṣe nǹkan kan sí gbọ̀ngàn ibùdó réluwéè tuntun, adìyẹ yìí ló sì fẹ́ gbé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìlọ́po ogún. Yóò ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Irin ni yóò jẹ́ egungun rẹ̀. Awọ rẹ̀ yóò jẹ́ tapólì àlòkù, irú èyí tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà: eléwé tó ti ń di eérú, búlúù tó ti ṣá, aláwọ̀ ilẹ̀. Páànù tí wọ́n gé ṣẹ́lẹ́ṣẹ́lẹ́ ni yóò bo ọrùn rẹ̀, ogbe orí rẹ̀ yóò jẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì pupa, ojú rẹ̀ méjèèjì yóò sì jẹ́ ìdérí ìkòkò.

"Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá béèrè.

"Mà, tí mo bá gbé adìyẹ tó tó adìyẹ síbẹ̀, wọ́n á ní ó sọnù ni, wọ́n á máa wá ẹni tó ni ín kiri." Oníṣẹ́ ọnà náà fi ọwọ́ pa adìyẹ kékeré náà lórí. "Gbogbo èèyàn ló ń sáré níbẹ̀. Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà láàárín wọn tó jókòó. Tó bá ga jù wọ́n lọ, wọ́n á gbójú sókè. Èèyàn tó bá sì gbójú sókè ò lè máa sáré."

Ọwọ́ Ìyá Onítapólì dúró lórí aṣọ.

"Fi adìyẹ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Mo ní àbúrò kan tó ń ṣe wẹ́dà. Òun ni kó o jẹ́ kó bá ọ jó irin rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò ní kókó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Onígíláàsì ni gbogbo èèyàn ń pe àbúrò yìí, nítorí gíláàsì dúdú tó fi ń jó irin kì í kúrò lójú rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ń jẹun. Àárín ọ̀sẹ̀ méjì ló ti gbé egungun adìyẹ náà dúró sínú gbọ̀ngàn. Ọ̀gá ibùdó náà yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló gbọ́ ọ yékéyéké: Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí gbọ̀ngàn. Bí adìyẹ náà kò bá tíì wọṣọ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n máa tú u palẹ̀, pátákó ìpolówó ni wọ́n máa gbé síbẹ̀.

Kò da Ìyá láàmú. Oníṣẹ́ ọnà ti tú aṣọ adìyẹ kékeré náà sí awẹ́ mẹ́rìnlá fún un. Ìyá ń fi tépù wọn awẹ́ kọ̀ọ̀kan láti eteetí, ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po ogún, ó ń fi ẹfun fa ìlà rẹ̀ sórí tapólì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó ń gé e. Lẹ́yìn náà yóò sọ̀ sínú ihò, ẹ̀rọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ń kọrin. Àwọn tó ń kọjá níta ń bi ara wọn bóyá ó ti fẹ́ ọkọ tuntun ni.

Nígbà tí awẹ́ méje ti so pọ̀, oníṣẹ́ ọnà lóṣòó sí etí ihò. "Mà, ẹ ò rò pé ká kọ́kọ́ gbé ìdajì yìí lọ bá irin wò?"

"Ọmọ mi, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n, Mà."

"Mo ti ń rán tapólì fún ọdún mẹ́tàlá kí wọ́n tó bí ọ. Lọ mu tíì."

Ó lọ mu tíì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin mẹ́jọ gbé aṣọ náà sórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gbé e dé gbọ̀ngàn, wọ́n fi okùn fà á dé òkè pátápátá. Ìyá dúró nísàlẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n tú okùn. Aṣọ náà já wálẹ̀ wùù, ó bo egungun.

Ó rí bí ẹ̀wù bàbá lára ọmọ. Ó so rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ ní igbáàyà, ó wọ́ nílẹ̀ nídìí, bí wọ́n sì ṣe fa gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tó ṣẹ́ kù tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin gbáko. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́jọ náà wọ inú rẹ̀ lọ, ó jáde lódì kejì, ó ní òun rò pé òun ti ṣìnà.

Onígíláàsì sún gíláàsì rẹ̀ sókè sí iwájú orí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọ̀ràn ti le nìyẹn.

"Irin rẹ ló kéré," ni Ìyá sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Irin tèmi? Àǹtí mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o."

"Ó kéré. Gbogbo èèyàn ló ń wò ó."

"Ẹ gbé tépù wá. Ẹ gbé tépù wá, ká wò ó níbí, lójú gbogbo ayé!"

Wọ́n gbé tépù. Wọ́n wọn irin láti ìdí dé èjìká, wọ́n wọ̀n ọ́n yí ká. Irin pé pérépéré. Onígíláàsì kàn ń ká tépù náà díẹ̀díẹ̀, èyí sì dunni ju èébú lọ.

Ìyá Onítapólì lọ jókòó sórí àpótí kan nínú kọ̀rọ̀, ó yọ awẹ́ aṣọ kékeré kan nínú báàgì rẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ìgbà náà ló rí àwọn ihò kéékèèké tí abẹ́rẹ́ oníṣẹ́ ọnà ti gbà kọjá. Wọn kò sí létí aṣọ gan-an. Wọ́n fi ìdajì ìbú ìka wọnú.



Gbogbo ẹni tó ń ránṣọ ló mọ̀ pé aṣọ gbọ́dọ̀ ní etí, ìyẹn ìwọ̀nba díẹ̀ tí ojú ìrán kò dé, tó máa ká sínú, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Etí tapólì kì í ju ìka méjì lọ, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ló fẹ́ bò, ì báà jẹ́ òkè. Aṣọ lè dàgbà, etí kì í dàgbà. Ṣùgbọ́n Ìyá ti wọn awẹ́ kọ̀ọ̀kan láti eteetí, ó sì ti sọ etí náà di ìlọ́po ogún pẹ̀lú ìyókù. Ìdajì ìka ti di ìka mẹ́wàá. Nígbà tó wá dé ìdí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ rán ìka méjì bó ṣe máa ń rán an láti ogójì ọdún, kò tilẹ̀ bi í léèrè. Ìka mẹ́jọ ló ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún awẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ lápá òsì, lọ́nà mẹ́rìnlá.

Kò sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn náà tó lè ka àwọn ihò kéékèèké yẹn. Bó bá ká awẹ́ kékeré náà padà sínú báàgì, wọ́n á máa jiyàn lórí irin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ronú lé e fún ìgbà díẹ̀, kò sì yé e bí ìgbà díẹ̀ náà ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ó dìde.

"Èmi ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ dún ju bó ṣe fẹ́ lọ, nítorí gbọ̀ngàn náà ń gba ohùn. "Irin pé. Èmi ni mo sọ etí aṣọ di ìlọ́po ogún pẹ̀lú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà yé Onígíláàsì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé a lè tú u, Mà?" ni oníṣẹ́ ọnà béèrè.

"Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìrán méjì-méjì ni mo rán an, kó má baà já láéláé."

Àsìkò yẹn ni ọ̀gá ibùdó wọlé. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ dákun, ṣé adìyẹ ni wọ́n pè é ni, àbí igúnnugún tó ń ṣàìsàn? Ọ̀sán ọ̀la o." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Onígíláàsì ni kò lè mú ẹnu rẹ̀ dúró. Ó fi tépù na aṣọ tó so rọ̀ náà. "Aṣọ yìí ò tóbi jù ní tèmi o. Adìyẹ ló rù. Ebi ló ń pa á."

Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

"Tún un sọ."

"Àǹtí mi, ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Tún un sọ."

"Mo ní… mo ní ebi ló ń pa á."

"Ẹ jẹ́ ká fún un lóúnjẹ nígbà náà."

Oníṣẹ́ ọnà ló kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ìyá ń lọ, ó sì ta kò ó lójú ẹsẹ̀. Kò fẹ́ adìyẹ tó sanra. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti yà á kí egungun rẹ̀ máa yọ lábẹ́ awọ, kí irin àti aṣọ máa bá ara wọn fà á. Omi ti ń dà lójú rẹ̀. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Adìyẹ tó sàba lórí ẹyin, ṣé o ti rí i rí?"

"Nínú àwòrán, Mà."

"Nínú àwòrán. Ìyá mi sin adìyẹ. Tó bá ti sàba, ó máa ń wú ni. Gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ á dìde, á fẹ̀ títí á fi di méjì ara rẹ̀. Tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kó o rí ohun tó máa fi ẹnu ṣe fún ọ. Adìyẹ tó rù yìí ò jókòó, ọmọ mi. Ó kàn dúró de ọkọ̀ ni, bíi tàwọn yòókù."

Ọmọbìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó yí egungun náà po, ó ń gé èékánná rẹ̀ jẹ. "Kí la máa fi kún un? Irin ò ní lè gbé ẹrù."

"Afẹ́fẹ́," ni Ìyá wí. Ó ti ń wá fóònù rẹ̀ nínú báàgì.

Fọ́kanáísà kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù ló pè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́ tán, ọkọ̀ akẹ́rù ti tò sẹ́nu ọ̀nà ibùdó bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wọ réluwéè. Gbogbo awakọ̀ ló mú tíúbù táyà àlòkù dání, àwọn dúdú ńláńlá tí ọmọdé méjì lè jókòó sínú ẹyọ kan. Fọ́kanáísà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń lẹ èyí tó jò, ó ń fẹ́ èyí tó dáa, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Wọ́n ń ti tíúbù tó ti kún wọ inú adìyẹ náà, Onígíláàsì wà lókè lórí àkàbà, ó ń so wọ́n mọ́ irin. Àwọn kan tó ń ṣe ìbùsùn gbé àjákù fọ́ọ̀mù wá nínú àpò. Apẹja kan mú àwọ̀n tó ti gbó wá, òun ni wọ́n fi di àwọn tíúbù pọ̀ kí wọ́n má baà máa yí kiri. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé ìrọ̀rí wá, ó ní ìyàwó òun ló ní kí òun mú un wá, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sí ibi tó gbóná.

"Ẹ fún un sí i lápá òsì!" ni oníṣẹ́ ọnà ń ké láti ìsàlẹ̀. Ó ti gbàgbé pé ó sunkún. "Ó ń tẹ̀!"

"Kò tẹ̀, ó ń fi ẹyin pamọ́ ni!" ni Onígíláàsì dá a lóhùn láti òkè. "Àǹtí mi, ẹ wò ó, ó ti ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́!"

Ìyá Onítapólì kò gbọ́. Ó ti gbé awọ líle wọ àtẹ́lẹwọ́, ó mú abẹ́rẹ́ tó gùn bí ìka àárín, ó ń fọwọ́ rán ìdí aṣọ náà mọ́ irin ní ìkúnlẹ̀, ó ń lọ yí ká. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, aṣọ tó ti so rọ̀ látàná ń le, ó ń yípo, ó ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fa èémí sínú.

Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí ọ̀sán pé nígbà tí ọ̀gá ibùdó dé. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó dúró níwájú adìyẹ náà, ó fi ìka kan gún un nínú ikùn. Ikùn náà ti ìka rẹ̀ padà. Ó tún un gún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rọra fi èjìká kan fara tì í. Kò tètè kúrò níbẹ̀.

Oníṣẹ́ ọnà ti lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́nu ilẹ̀kùn, níbi tí yóò ti rí gbogbo rẹ̀ láti ogbe dé ìdí. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Nígbà tó padà wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá.

"Mà," ló wí, "ó jókòó."

Ní Sátidé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Àwọn èèyàn pàtàkì sọ̀rọ̀, Ìyá kò fetí sí wọn. Ó wọ aṣọ tó dáa jù, ó dúró lẹ́bàá òpó kan, kì í ṣe adìyẹ ló ń wò, ojú àwọn èèyàn ni. Réluwéè àkọ́kọ́ dé. Wọ́n tú jáde, wọ́n ń sáré, àpò lọ́wọ́, fóònù létí. Àwọn tó wà níwájú dé abẹ́ adìyẹ náà, wọ́n sì gbójú sókè. Wọ́n dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn kọlù wọ́n, wọ́n fẹ́ bínú, àwọn náà gbójú sókè. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan, ó sì tàn káàkiri gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọdé ti lọ dì mọ́ ọn. Bàbá arúgbó kan fẹ̀yìn tì í, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

Ọkùnrin oníkóòtù kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá, orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti kéde réluwéè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fèrè dún, réluwéè náà lọ, ọkùnrin náà kò mira.

"Ìyá, ẹ ẹ̀ rí nǹkan?" ló wí, kò yí ojú kúrò lókè. "Ẹ wo ìrán yẹn. Ẹ̀rọ ńlá kan lókè òkun ló ń rán irú ẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ò lè ṣe é."

"Irọ́ ni," ni Ìyá Onítapólì wí. "Èmi ni mo rán an."

Ọkùnrin náà yíjú sí i wàyí. Ó wo gèlè rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tún gbójú sókè wo adìyẹ, ó pẹ́ díẹ̀, ó tún wo Ìyá.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀," ni Ìyá wí, ẹ̀rín sì bo ojú rẹ̀. "Mo tiẹ̀ rán an ju bó ṣe yẹ lọ."